Òdòdó Tí Ajá Kò Gbọdọ̀ Jẹ

Kí n tó kúrò ní Kétu, mo gbà pé ilé ni Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún wa láti kékeré. Àwọn àgbà wa ní láti Ifẹ̀ ni ọba wa ti gbéra wá sí ibi tí a wà, pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, bí àwọn òyìnbó tilẹ̀ wá fi ààlà sí wa láàárín, tí wọ́n kó àwa fún Faransé, tí wọ́n kó àwọn yòókù fún Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Ilé-Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú báàgì kan àti àdá tí mo fi aṣọ wé, n kò wá bí ẹni tó lọ sí ìdálẹ̀. Mo wá bí ọmọ tó fẹ́ wo ilé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n fi jẹ́ kí n mọ̀ pé àlejò ni mí.

Ìyá Onílé tó fún mi ní yàrá ní Ilare ló kọ́kọ́ bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Kétu. Ó ní, àá, Èkó nìyẹn. Mo ní rárá, kì í ṣe Kétu ti Èkó, Kétu tó wà lẹ́yìn ààlà, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ó ní ìyẹn ni pé ará Kútọnu ni mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà Kétu sí Kútọnu jìn, pé n kò gbé Kútọnu rí, pé Yorùbá paraku ni wá. Ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé, "Kútọnu, wá bá mi gbé omi yìí." Mo bá a gbé omi náà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò kò mọ orúkọ mìíràn fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni ẹ̀rín tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi rín. Mo lè ra ọṣẹ, kí n sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń tà á pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá Onílé fúnra rẹ̀, tó bá jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń fọ Ifẹ̀, èmi kì í gbọ́ ju ìdajì lọ, síbẹ̀ èmi ni wọ́n ní èdè mi wọ́. Búrẹ́dì wọn náà bí mi nínú. Èyí tí mo mọ̀ nílé gùn, ó sì le lẹ́yìn. Tiwọn rọ̀, ó ń dùn, àfi bíi pé ọmọ tí kò tíì héyín ni wọ́n ṣe é fún. Mo máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pe ilé. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan wà ní Lágere tí wọ́n ti ń báni tẹ fóònù lọ sí òkè òkun, nítorí òkè òkun ni wọ́n ka Kétu sí. Ìyá mi á ti wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọ̀hún láti àárọ̀, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pè é. Tí ohùn rẹ̀ bá dé, á kọ́kọ́ béèrè bóyá mo jẹun. Lẹ́yìn náà á béèrè bóyá àwọn ènìyàn wa ní Ifẹ̀ ń tọ́jú mi dáadáa. Mo máa ń sọ fún un pé wọ́n ń tọ́jú mi. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó síta níwájú sẹ́ńtà náà, mo sì sunkún. Obìnrin kan bi mí pé kí ló dé, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹkún ni mo wá sun. Iṣẹ́ ọgbà ni mo mọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì ní Kétu ni mo ti kọ́ ọ, ọdún mẹ́fà gbáko. Mo mọ òdòdó tó ń fẹ́ oòrùn àti èyí tó ń fẹ́ ibòji, mo sì mọ bí a ṣe ń gé e tí yóò fi dọ́gba. Ìyá Onílé ló mú mi lọ bá Màdáámù, hẹdimísírẹ́ẹ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé ni Ìyá Bíọ́dún tó ń se oúnjẹ, àti ajá pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ń jẹ́ Bíńgò.

Ajá tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́ ilé, èyí tó ń jẹ ohun tó bá rí. Bíńgò ń jẹ ẹja. Wọ́n ń wẹ̀ fún un lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó sì ní ẹní tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ìyá Bíọ́dún máa ń kùn pé ajá náà ń jẹun ju òun lọ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Òun nìkan ní gbogbo ìlú náà ni kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń tẹ̀ lé mi láti ìdí òdòdó kan dé ìdí òmíràn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọgbà yẹn ni òdòdó yẹ́lò tí wọ́n gbìn yí ilé náà ká. Ó wọ́pọ̀ nílùú, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lójú, àwọn kan ń pè é ní olómi-òjò. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ rí bí agogo kékeré, èso rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, tí a bá sì gé e lẹ́ka, oje funfun á máa kán. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo lọ bá Màdáámù ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo sọ fún un pé òdòdó náà kò dára níbi tí ajá bá wà. Mo sọ fún un pé ajá àwọn Sístà jẹ èso rẹ̀ lójú mi ní Kétu, kò sì rí ọjọ́ kejì.

Màdáámù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí bíi pé mo ṣi ìṣirò níwájú kíláàsì. Ó ní ọkọ òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ín, pé ajá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti dàgbà nínú ọgbà yẹn, kò sì sí èyí tó jẹ òdòdó nínú wọn. Ìyá Bíọ́dún jókòó nítòsí, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ó ní kí Màdáámù má dá mi lóhùn, pé àwọn ará Kútọnu, kò sí ewé kan láyé tí wọn kò mọ májèlé inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí láti ìgbà náà. Bí ọmọ Ifẹ̀ bá sọ pé ewé kan lè pani, wọ́n á ní ó gbọ́n. Bí àlejò bá sọ ọ́, wọ́n á bi í pé ta ló ti fi pa. Ohun tí mo mọ̀, àwọn Sístà ló kọ́ mi, inú ìwé ló sì wà, ṣùgbọ́n lẹ́nu mi ó di nǹkan mìíràn. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi fi ojú mi ríran, ìyẹn gan-an ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Ọjọ́bọ̀ ni, Màdáámù ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó sì ti ní kí n gé òdòdó yẹ́lò náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Àṣà mi ni pé bí mo bá ti gé ẹ̀ka kan, inú kòtò ni mo ń jù ú sí, tí mo ń fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, nítorí Bíńgò. Lọ́jọ́ yẹn ebi pa mí. Mo fi ẹ̀ka àti èso sílẹ̀ lórí ilẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ mu gààrí. Ìyẹn ni ẹ̀bi mi, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà dé, Bíńgò ti ń da itọ́ lẹ́nu. Èso méjì wà níwájú rẹ̀, ó ti rún ọ̀kan. Ó bì, ó tún bì, ó gbìyànjú láti rìn wá bá mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e. N kò ronú, ohun tí ìyá mi ì bá ṣe ni mo ṣe. Ní ilé wa, ẹni tó bá gbé ohun tó lè pa á jẹ, epo pupa là á kọ́kọ́ wá fún un. Mo sáré wọ kíṣíìnì, mo gbé ìgò epo Ìyá Bíọ́dún, mo la ẹnu ajá náà, mo dà á sí i lọ́fun. Epo ta sí àyà rẹ̀, ó ta sí ọwọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Bíọ́dún ṣe yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó rí ẹnu ajá tó pupa.

Ó figbe ta pé mo ti pa ajá Màdáámù. Àwọn aládùúgbò fo géètì wọlé, ọ̀kan nínú wọn tó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn sì dúró jìnnà sí mi. Kò pẹ́ tí Màdáámù fi dé pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ajá rẹ̀ nínú aṣọ ìjọ tó wọ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, n kò sì rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí.

"Kí lo fún un?" ni ó bi mí.

"Epo pupa ni, mà. Èso òdòdó yẹn ló jẹ. Èmi ni mo fi ẹ̀ka sílẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò fún un ní májèlé."

Ìyá Bíọ́dún ní, "Láti ọjọ́ tó ti dé, ta ló ń sọ̀rọ̀ májèlé nínú ilé yìí bí kò ṣe òun?"

Mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Màdáámù ní kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ, kí òun má tún rí mi mọ́.

Mo ní, "N kò lọ, mà."

N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí láyé mi. Mo ní bí mo bá jáde ní géètì yẹn báyìí, ẹni tó fi májèlé pa ajá ni màá máa jẹ́ ní Ifẹ̀ títí, kò sì sí ilé tí wọ́n á tún ti gbà mí sí iṣẹ́. Mo ní kí a gbé Bíńgò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, àwa méjèèjì. Bí dókítà bá ní èmi ni mo pa á, kí ó pe ọlọ́pàá, màá dúró dè wọ́n.

Kò sí epo nínú mọ́tò Màdáámù, kò sí ní ilé epo kankan nílùú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo gbé Bíńgò sínú bárò tí mo fi ń kó ilẹ̀, mo tẹ́ àpò sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣa èso tó rún àti èyí tó bì jáde sínú ọ̀rá, mo fi ẹ̀ka kan tì í, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè. A bọ́ sójú títì, èmi ń ti bárò, Màdáámù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gèlè àti bàtà ìjọ. Gbogbo ènìyàn ń wò wá. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà bi wá pé ṣé Ògún ni a fẹ́ lọ bọ. Màdáámù dá a lóhùn pé ajá ilé òun ni, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ mú dání kí ó lè yára. Báyìí la ṣe rìn títí a fi dé ilé ìwòsàn ẹranko.

Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà náà. Kó tó bi wá ní nǹkan, mo ti gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. Ó tú u wò, ó gbé ẹ̀ka náà sókè, ó fi nǹkan gbọ́ àyà Bíńgò fún ìgbà pípẹ́. Ó lọ èédú, ó pò ó mọ́ omi, ó rọra ń fún un, ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe é tán ló tó kọjú sí Màdáámù.

"Mummy, òdòdó yìí ló ṣe é. Láti orí ewé dé orí èso, kò sí èyí tó dára fún ajá lára rẹ̀. Ọkàn ló ń bá jà. Ẹni tó kó èso yìí wá ló ràn wá lọ́wọ́."

Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ó rí epo lára ajá náà, ó bi wá pé ta ló fún un. Mo ní èmi ni. Ó ní epo kì í pa májèlé, pé bí ó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, epo náà gan-an lè pa ajá. Ó ní lọ́jọ́ mìíràn kí n má fún un ní nǹkan kan, kí n gbé e wá kíákíá. Ojú tì mí. Gbogbo ẹnu tí mo fi ń ṣe akin láti ilé, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi parí iṣẹ́ tí òdòdó náà bẹ̀rẹ̀.

Màdáámù ló sọ̀rọ̀. "Dókítà, èmi náà, epo ni ǹ bá fún un. Ta ni kò ní fún un lépo nínú wa?"

Mo gbọ́ "nínú wa" yẹn. Ó yẹ kó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìbínú ló bá mi wá. Nígbà tí mo sọ òótọ́ fún un, ará Kútọnu ni mí. Ìgbà tí mo ṣe àṣìṣe tí òun náà ì bá ṣe ni mo tó di ara wọn.

Wọ́n dá Bíńgò dúró sọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò tíì dá wa lójú pé á yè, mo pe ìyá mi, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín wọn, Kútọnu tí wọ́n ń pè mí, àti ọ̀rọ̀ májèlé. Ó ní kí n padà wálé, pé kò sí ohun tí Ifẹ̀ fi pa mọ́ fún mi. Mo sọ fún un pé n kò bọ̀. Mo ní bí mo bá wálé báyìí, ẹsẹ̀ mi nìkan ló máa dé, orúkọ mi á wà lẹ́nu wọn níbí, wọ́n á máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri. Ó ṣàdúrà fún mi, a gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni Bíńgò jẹun. Màdáámù ránṣẹ́ sí mi ní Ilare pé kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ, ṣùgbọ́n n kò gbé ọkọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní nǹkan méjì ni mo ń fẹ́. Èkíní, kí a hú òdòdó yẹ́lò náà kúrò tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Èkejì, gbogbo àwọn tó gbọ́ nígbà tí wọ́n pè mí ní olóró, kí òun pè wọ́n, kí òun sì sọ òótọ́ létí wọn.

Ó ní ọmọdé kì í pàṣẹ fún òun. Mo ní mo mọ̀, mà, mo sì dúró síbẹ̀. Ó wo òdòdó náà títí. Ọkọ rẹ̀ ló gbin ín, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti dùn ún jù. Nígbà tó yá ó dìde, ó ní kí Ìyá Bíọ́dún lọ pe àwọn aládùúgbò. Wọ́n dé, ó dúró ṣánṣán bó ṣe máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé.

"Ọmọ yìí kò fún ajá mi ní nǹkan kan tó burú. Ó ti kìlọ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni n kò gbọ́."

Àwọn kan ní Ọlọ́run ṣeun. Ẹni tó jìnnà sí mi lọ́jọ́ yẹn wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá Bíọ́dún wọ kíṣíìnì lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi hú òdòdó náà. Mo fi aṣọ wé ọwọ́ nítorí oje rẹ̀. N kò dáná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ náà kò dára, kòtò jíjìn ni mo rì í sí. Mo lọ bi dókítà ẹranko pé kí ni mo lè gbìn dípò rẹ̀, ó ní haibísíkọ́ọ̀sì, èyí tó ń yọ òdòdó pupa gbẹ̀ǹdù, pé bí ajá bá já a jẹ kò léwu. Mo gbin ín yí ilé ká. Bíńgò já ewé méjì jẹ lọ́sẹ̀ tó hù, kò ṣe é ní nǹkan kan, Màdáámù sì pè mí wá wò ó bíi pé èmi ni mo bí ajá náà.

Ìyá Bíọ́dún kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Á gbé oúnjẹ mi sórí àtẹ̀gùn, á yíjú. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Mo ń kí i láàárọ̀ nítorí àgbà ni, ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, tó yẹ kó ti lọ sílé ọmọ rẹ̀ ní Ìpetumodù, mo rí i tó dúró lẹ́yìn mi nínú ọgbà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó ní, "Kútọnu, òdòdó yẹn wà lójúde ọmọ mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fi kóró inú èso rẹ̀ ta ayò. Àbúrò wọn ti ń rá, gbogbo nǹkan ló ń kì bẹnu. Ṣé ó burú fún ọmọdé náà?"

Mo ní ó burú, mà, bó ṣe burú fún ajá, ó burú fún ọmọdé.

Ó gbé báàgì náà sílẹ̀. Ó ní ọkọ ọmọ òun kò ní gbà bí òun nìkan bá sọ ọ́, pé kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun lọ, kí n wá bá wọn gé e. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbéra.

"Màá tẹ̀ lé yín lọ nísinsìnyí, Ìyá Bíọ́dún. Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ mi."

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè kó lè dá a lójú. Mo mú àdá mi, a jọ jáde lọ wọ mọ́tò Ìpetumodù.